Ojú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Wíwọn Apá Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá, ìyá àgbà àti bàbá ọmọ sọ níbi ìpàdé àdúgbò wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣiṣẹ́ òfò. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọmọ tí ẹ pọ̀n wá síbí yìí yóò dàgbà, yóò sì sin yín gbẹ̀yìn. Ẹ ṣe àmín.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ aṣaralóore. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí, ṣùgbọ́n n kò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ púpọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìyá tó wà níhìn-ín ló mọ̀ pé ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀pà dára fún ọmọ. Owó ni kò sí, kì í ṣe ìmọ̀. Ohun tí mo bá wá ni bí a ṣe lè tètè mọ ọmọ tí àìtó oúnjẹ fẹ́ mú lọ, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Okùn pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó dáadáa: ó ní pupa, ó ní yẹ́lò, ó ní àwọ̀ ewé. Téèpù ìwọn apá ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa gbé e kiri láàárín ara yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ fọwọ́ kàn án.

Kókó kìíní: ojú ń tan ni

Mo bi yín léèrè: báwo ni ìyá ṣe ń mọ̀ pé ọmọ òun ń rù? Mo gbọ́ ẹnìkan tó ní aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ tó fún un lóṣù tó kọjá tó wá ń fẹ̀ lọ́rùn. Ẹnìkan ní ìwúwo lẹ́yìn. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn yẹn, kí lẹ wí? Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè rò pé nítorí ẹwà nìkan ni. Àwọn ìyá wa máa ń so ó mọ́ ìdí ọmọ, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún un. Bí ó bá ń fún, ọmọ ń sanra, wọ́n á tún okùn rẹ̀ so. Bí ó bá ń yọ̀ bọ̀ sórí itan, wọ́n á ní, “Ẹ bá mi wo ọmọ yìí o, ara rẹ̀ ń lọ.” Òṣùwọ̀n ni! Ìfẹ́ ọmọ kì í bo ìlẹ̀kẹ̀ lójú bó ṣe máa ń bo ìyá lójú. Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àbúrò ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín. Kò rọrùn fún mi láti sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn kékeré kan, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ọdún kan àbọ̀. Wọ́n wọ bùbá léèsì fún un, wọ́n dé fìlà fún un, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìyá rẹ̀ ní, “Nọ́ọ̀sì, kì í ṣeré mọ́. Ibi tí mo bá gbé e sí ló máa ń wà. Ó kàn ń ké ṣáá.” Èrò pọ̀ lórí ìlà. Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, mo ní, “Màmá, ọmọ yín mà sanra! Eyín ló ń yọ.” Mo fún un ní oògùn ibà, mo pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí bùbá lọ́rùn rẹ̀, kò sí ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń dán. Awọ itan rẹ̀ ń bó bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Apá rẹ̀ rí tín-ín-rín lábẹ́ èjìká. Omi tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn wú ni mo pè ní ọ̀rá. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Téèpù wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. N kò fà á yọ. Láti ọjọ́ náà, ọrùn mi ni mo ń fi téèpù kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ń rù. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé ló máa pariwo. Bí ọmọ bá sì ti rù, a máa ń ní àlàyé lẹ́nu. Eyín ló ń yọ. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bàbá rẹ̀ náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láyé àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á máa wá ẹ̀sùn sí ọmọ tí ebi ń pa lọ́rùn. Bí ọmọ gbogbo àdúgbò bá tún rù, èyí tó rù díẹ̀ nínú wọn ni a ó máa pè ní alára. Ṣé ẹ rí i? Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Kókó kejì: ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti wá

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni wíwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a wà yìí.

Ní ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ń kú jù. Èéyi ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n. Morley lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọn àwọn ọmọ ibẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan, tí kò gòkè mọ́, ewu ti ń rákò bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le lójú ẹni. Wọ́n wá ṣe káàdì kan tó ní ìlà tó ń gòkè bí ọ̀nà orí òkè, pé kí ìwọ̀n ọmọ máa bá a gòkè lọ. Ọwọ́ ta ni káàdì náà wà? Ọwọ́ ìyá! Ìyá ló ń fi í sínú ọ̀rá, tó ń gbé e lọ sílé, tó ń gbé e padà wá. Ní tèmi, ohun tó ga jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn nìyẹn. Ó gbà pé ìyá tí kò kàwé lè tọ́jú ìwé, ó sì lè mọ ìlà tó ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tó ń wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun abẹ́lé dé, láti 1967 sí 1970. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé àwòrán àwọn ọmọ tó wà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ẹlẹ́sìn Quaker tó wá ṣèrànwọ́ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lórí ìlà. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ mọ ẹni tí oúnjẹ kọ́kọ́ kàn? Ta ló fẹ́ máa ru síkéèlì kiri ojú ogun? Ta ló mọ ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n rí lójú ọ̀nà? Wọ́n mú ọ̀pá kan, wọ́n kọ ìwọ̀n apá sí i lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọ́n á wọn apá ọmọ, wọ́n á sì gbé e dúró ti ọ̀pá. Bí ọmọ bá ga kọjá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n apá rẹ̀ sí, ó ti rù ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n ti lo ọ̀pá yẹn.

Nígbà tó di 1974, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Baghdad, Adnan Shakir, òun àti Morley wa yìí kan náà, kọ ìwé jáde lórí okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí kò nílò ọ̀pá, tí kò nílò ọjọ́ orí. Ẹni tó gbé káàdì fún àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ló tún lọ́wọ́ sí okùn tí ẹ ń gbé kiri láàárín ara yín yìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ apá? Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Láti ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, ọmọ ń ga, ó ń wúwo, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i. Ọ̀rá ìkókó ń dínkù, iṣan ń gba àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n kan fi lè bá ọmọ ọdún kan àti ọmọ ọdún mẹ́rin mu. Bí oúnjẹ kò bá sì tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara. Á jẹ ọ̀rá, á jẹ ẹran. Àká ni apá ọmọ. Bí àká bá ti ń ṣófo, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyàn ń bọ̀.

Kókó kẹta: bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo lọ ra ata. Ọmọ ẹni tó ń ta ata fún mi, ọmọbìnrin oṣù mẹ́rìnlá, jókòó sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Kò na ọwọ́ sí ohunkóhun. Ọmọ tó jókòó ti ata tí kò fọwọ́ kàn án! Mo ní, “Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo apá ọmọ yìí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, eyín ló ń yọ.” Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó bọ́ apá aṣọ òsì rẹ̀. Mo ká apá ọmọ náà bí ẹni fẹ́ fọwọ́ sí àyà. Mo wá eegun ṣóńṣó èjìká, mo wá ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́, mo fi bírò tọ́ka sí àárín wọn. Mo na apá náà sílẹ̀, mo jẹ́ kó dẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ọmọ tó ń jà, tó le apá, ẹ kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Mo ti ẹnu téèpù bọ ojú ihò rẹ̀, mo fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan awọ yípo. Kò gbọdọ̀ fún débi tí ẹran á fi wọnú, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ débi tí ìka á fi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé láti pupa dé àwọ̀ ewé kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, bí ìbú ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá fà á le lè sọ ọmọ aláàfíà di aláìsàn. Ẹni tó bá dẹ̀ ẹ́ lè rán ọmọ tó ń kú lọ padà sílé.

Mo wo ojú ihò. Pupa ni. Mìlímítà 112.

Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ àwọ̀ wọ̀nyí. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún là ń sọ. Láti 125 lọ sókè, àwọ̀ ewé, ẹ máa bá ìtọ́jú lọ. Láti 115 sí 124, yẹ́lò: ara ọmọ ti ń lọ, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ 115, pupa: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Tẹ́lẹ̀, 110 ni ààlà pupa. Ní ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé e sí 115, kí àwọn ọmọ tó wà létí bèbè má bàa já sílẹ̀ láàárín. Mìlímítà márùn-ún péré. Ewu ikú ọmọ tó bá wà ní pupa, tí kò rí ìtọ́jú, ga gan-an ju ti ọmọ tó jẹun kánú lọ. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Tiwa yìí tún wá yàtọ̀: bí apá ọmọ bá ti kéré jù ni apá wa kì í fi í ká a mọ́.

Lẹ́yìn apá, mo wo ẹsẹ̀. Ẹ má fo èyí o. Èyí gan-an ni mo fò lọ́jọ́ tí mo ń wo fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ, kí ẹ kà dé mẹ́ta, kí ẹ gbé e kúrò. Bí ibẹ̀ bá jinkòtò tí kò tètè padà, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, pupa ni, ohun yòówù kí téèpù sọ. Kwaṣiọ́kọ̀ nìyẹn. Èdè Gã, nílẹ̀ Gánà, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ibẹ̀, tó fi kọ̀wé ní 1935: àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kí dókítà tó dé? Ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò, tí wọ́n wá ń fi ẹ̀kọ lásán bọ́.

Ọmọ aláta ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kò sí ibà lára rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bu oúnjẹ ẹlẹ́pà inú ọ̀rá sí i lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi ẹ̀pà, wàrà, òróró àti ṣúgà ṣe. Ó lá a, ó tún la ẹnu. Nítorí pé ó lè jẹun, ilé ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí kò lè jẹun, tàbí tí ibà líle tàbí wíwú líle bá wà lára rẹ̀, wọ́n á dá a dúró ní ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, bí téèpù bá ti wọ pupa, kì í ṣe àgbo ló kàn, kì í sì í ṣe kí a máa ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu nílé. Ara tó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí apá ọmọ aláta pé 125 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, wọ́n ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo tún lọ ra ata, ó ti tú agbọ̀n tòmátì kan sílẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ kò dùn. Inú tèmi dùn.

Kókó kẹrin: ohun tí téèpù kò rí

N kò ní tàn yín, téèpù kì í rí gbogbo nǹkan. Ọmọ lè wà ní àwọ̀ ewé kó sì kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, nítorí àìjẹun kánú tó ti pẹ́ lára rẹ̀, bóyá láti inú oyún. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, 7 ló rù ju bó ṣe yẹ lọ. Gíga là ń wọn láti mọ ti 37 yẹn, nílé ìwòsàn, lórí pákó tí wọ́n fi ń wọn gíga. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà náà, ẹ má dá a wọ̀n nílé. Ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, kó wo bó ṣe ń mu ọmú. Ẹ má sì torí téèpù pa síkéèlì àti káàdì tì.

Ohun mìíràn wà tí téèpù kò rí: ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ìyá ló rò pé bí apá ọmọ bá wọ pupa, a ti bú òun pé òun kì í tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi téèpù yìí bá ìyàwó ilé jà. Bàbá ọmọ, bí wọ́n bá ní pupa ni, ọ̀rọ̀ tó kàn ni, “Èló ni owó ọkọ̀?”

Ọwọ́ ta ló yẹ kó wà?

Lágbègbè Mirriah, lórílẹ̀-èdè Niger tó múlé tì wá, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ ALIMA bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan ní 2013. Ní apá ibì kan, òṣìṣẹ́ ìlera ló ń wọn àwọn ọmọ. Ní apá kejì, wọ́n kó téèpù fún àwọn ìyá, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn kò mọ̀wé. Àbọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ tí ìyá ń wọ̀n tètè dé ilé ìwòsàn ju àwọn yòókù lọ, apá wọn kò tíì gbẹ tó tàwọn yòókù, àwọn tó nílò gbígbà sí ọsibítù nínú wọn sì kéré. Wọ́n tún rí i pé bí ìyá bá fi ojú lásán wo àárín apá, tí kò fi bírò sàmì sí i, kò ṣe nǹkan kan. Mo ka ìyẹn, mo rántí Ìmẹ̀sí-Ilé àti káàdì inú ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì lè rí ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀yin ń wẹ̀ fún un ní gbogbo ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá bọ́ aṣọ rẹ̀ láti wẹ̀ fún un, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, ẹ fi téèpù yí apá rẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èéyi, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà, ẹ̀yin náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Téèpù 60 ló wà nínú àpò yìí, mo sì gbàgbọ́ pé ó máa kárí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì wọ̀n níṣojú mi kò ní gbé e lọ. Ìyá tó wọ ìró aláró lọ́wọ́ iwájú yìí, ọmọ yín ló sún mọ́ mi jù. Ẹ gbé e bọ̀. Ẹ bọ́ apá aṣọ rẹ̀ òsì. Rárá, n kò ní wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin gan-an ló máa wọ̀n ọ́n, mo kàn máa dúró tì yín.